Bí A Ṣe Ń Ka Máàpù Ìhà Òpin Àríwá Ayé
Ẹ fi máàpù pẹlẹbẹ ti ara ògiri sílẹ̀, nítorí òun ló ń mú kí erékùṣù Greenland dà bí ẹni pé ó tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po 14 tóbi jù ú lọ. Èyí tí wọ́n yà bí ẹni tó dúró sókè tó ń wo orí ayé ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tọ ìlà ìwọ̀n 66.5 ti àríwá yípo, òun ni ààlà ìhà òpin àríwá ayé. Àárín gbùngbùn ìhà náà kì í ṣe ilẹ̀ rárá: òkun tí yìnyín bò lójú ni, jíjìn rẹ̀ níbẹ̀ sì ju mítà 4,000 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn ilẹ̀ tó yí òkun náà ká, láti Rọ́ṣíà, tí etíkun tirẹ̀ gùn jù, dé Norway, Greenland, Kánádà àti Alaska tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Níbi tí Alaska ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Rọ́ṣíà, omi Bering tó là wọ́n láàárín kò ju nǹkan bíi kìlómítà 85 lọ.