Náírà nínú lẹ́tà ọdún 1972: àwọn àṣìṣe tó ń ba ìtàn àròsọ ọlọ́dún púpọ̀ jẹ́

Ká ní ìtàn yín ń lọ láàárín ọdún 1972 àti 1993, ní Adó-Èkìtì, ìfẹ́ ni, sáyẹ́ǹsì ni, ọ̀ràn ìpànìyàn sì tún wà nínú rẹ̀. Délé kọ lẹ́tà sí Fúnkẹ́ ní oṣù kẹta 1972, ó kọ "Ìpínlẹ̀ Oǹdó" sí àdírẹ́sì, ó sì ṣèlérí náírà márùn-ún. Àṣìṣe méjì rèé. Western State ni Èkìtì wà nígbà náà; 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Èkìtì kò sì dá dúró títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá ló yẹ kí Délé ṣèlérí.

Nínú ìtàn ìfẹ́ lásán, òǹkàwé lè gbójú fo ìyẹn. Ẹni tó ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ní gbójú fò ó, torí gbogbo nǹkan ló ń ṣọ́. Tó bá rí náírà níbẹ̀, á gbà pé ayédèrú ni lẹ́tà náà, á sì máa retí ìgbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa já a. Bí ìwé bá parí láìmẹ́nu bà á, òǹkọ̀wé ló di afurasí.

Ẹ sọ irú nǹkan báyìí di ẹ̀rí nípa mímọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kọ́bọ̀ ṣe ẹ̀rí. Kọ́bọ̀ ti wà lẹ́nu wa kí náírà tó dé, pẹ́nì là ń pè bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ dára jù: ẹni tó kàwé ní nǹkan bí 1958 á kọ "aiye", "enia", "nwọn" àti "ọkọnrin", 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Lẹ́tà 1958 tó ń sọ̀rọ̀ "ayé" àti "ènìyàn" ń rùn. Àmọ́ "aiye" nínú lẹ́tà 1993 kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun, torí àgbàlagbà púpọ̀ kò yí ọwọ́ padà. Èyí tó tún dùn ún lò ni ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Ẹlẹ́rìí tó ní ọ̀nà ọ̀tún tirẹ̀ lòun wà jẹ́jẹ́ ní oṣù kẹta ọdún yẹn ń purọ́.

Ẹ fa tábìlì kan, ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: ọjọ́ orí, owó, àdírẹ́sì, bí ìròyìn ṣe ń dé, ohun tí ọlọ́pàá lè ṣe. Fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, nítorí náà lẹ́tà, tẹlifóònù onílà tàbí ẹni tí a rán níṣẹ́ ni 1993 ní. Ọlọ́pàá 1972 lè lo ìtẹ̀ka. Kò lè lo DNA, tí wọ́n kọ́kọ́ lò nínú ìwádìí ọ̀ràn ìpànìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986.

Ká ní ọkọ̀ òfuurufú ló gbé Délé láti 1972 dé 1993. Ibi tí sáyẹ́ǹsì ti máa ń wó ni eré ọkọ̀: gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Einstein, bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré tó ni aago inú rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó sí ti ilé. Ọkọ̀ tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá ní 1972 sá tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà ní wákàtí kan, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tó mú bá aago àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí Délé tó lè fo ọdún mọ́kànlélógún, ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sá ní ìdá 99 nínú 100 eré ìmọ́lẹ̀. Níbẹ̀, ọdún kan tirẹ̀ tó nǹkan bí ọdún méje nílé. Á lo ọdún mẹ́ta. Ìṣirò Einstein yìí kì í dá ẹnikẹ́ni padà sẹ́yìn o; iwájú nìkan ló ń lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí 1993 gbọ́ 1972, ẹ dá ẹ̀rọ tiyín, kí ẹ sì fún un ní òfin kó tó di orí kẹrin. Ká ní rédíò ni: ó ń gbọ́, kì í fèsì, ìṣẹ́jú méje péré, bátìrì á sì tán. Ẹ má fi agbára tuntun kún un lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ tó lè padà lọ wo ojú apànìyàn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Èyí tó ń gbọ́ ohùn nìkan ṣì lè ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ní ti ìfẹ́, ọ̀pọ̀ máa ń dá ìwádìí dúró kí àwọn olólùfẹ́ lè sọ̀rọ̀ dídùn. Kí ló dé? Alárinà wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè nípa àrùn, gbèsè, olè àti ẹ̀wọ̀n nínú ìdílé. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ni àṣírí ọ̀ràn náà ti kọ́kọ́ jò.

Èyí tí wọ́n sì ń gbàgbé jù ni "o" àti "ẹ". Délé jẹ́ ọmọ ọdún 22 nígbà tó lọ, Fúnkẹ́ jẹ́ 20. Ó dé ní ọmọ 25, ó bá a ní ẹni 41. Bó bá pè é ní "ìwọ" lójú ará àdúgbò, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bó bá pè é ní "ẹ̀yin" nínú yàrá, ó ti jẹ́wọ́ pé nǹkan ti yí padà. Bí Fúnkẹ́ bá ti lóyún fún Délé kó tó lọ, ọmọ náà ti pé 20, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó fi ọdún márùn-ún péré jù ú lọ. Ẹ pinnu ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa pe èkejì, nílé àti níta, kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bá ara wọn sọ.