Àwo tuntun láti Detroit: bí ẹ ṣe lè rà á kó tó tán

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ fi orúkọ olórin sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún ẹni tó bá bi mí ní Peckham, ní London, pé báwo ni mo ṣe ń tètè gbọ́ house àti techno tuntun, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe. Olórin kan lè ní orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin; lónìí ó ń jẹ́ lágbájá, lọ́la ó di tàmẹ̀dù. Àmọ́ etí ẹni tó ń yan orin fún ilé iṣẹ́ kì í yí padà bọ̀rọ̀. Ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, Juan Atkins dá Metroplex sílẹ̀ ní 1985, Theo Parrish ló ni Sound Signature, Omar-S ló ni FXHE. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe orin, kò sí ọ̀gá kan lókè tó máa ní kí wọ́n gé e kúrú nítorí rédíò. Ẹ mú ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá ń lé ogún kò ní gbọ́ ọ̀kan dópin.

Èyí tó bá wà lórí Bandcamp nínú wọn, ìkànnì tí olórin ti ń ta orin tirẹ̀, ẹ tẹ "follow" níbẹ̀, ímeèlì á wọlé bí orin bá ti jáde. Bandcamp máa ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí fáìlì, 10 lórí àwo. Láti March 2020, nígbà kòrónà, ni wọ́n ti dá Bandcamp Friday sílẹ̀, ọjọ́ tí wọn kì í mú ìpín tiwọn. Aago California ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà aago mẹ́jọ àárọ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní London.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lórí fóònù lásán! Béèsì, ìró ìsàlẹ̀ tó wúwo yẹn, ló gbé orin yìí dúró, fóònù ò sì lè gbé béèsì. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìlù nìkan: àyè tí DJ máa fi ti orin kan bọ inú òmíràn ni. Tó bá jẹ́ jùjú lẹ gbọ́ dàgbà bíi tèmi, ẹ má retí kí wọ́n kì yín o. Wọ́n lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo lo ìṣẹ́jú méje. Ẹ fetí sí ìgbà tí béèsì wọlé, ìgbà tí ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ òkè yẹn (hi-hat) ṣí, ìgbà tí wọ́n yọ ìlù ńlá kúrò tí ara yín ṣì ń kà á lọ. Bí orí mi bá ti ń mì kí béèsì tó dé, mo rà á nìyẹn. Ẹ gbọ́ ojú kejì àwo náà pẹ̀lú. Lójú tèmi, ojú kìíní ni wọ́n fi ń tajà, ibi tí orin tó le wà ni ojú kejì.

Tó bá jẹ́ àwo gan-an lẹ fẹ́, ẹ yára, torí ilé iṣẹ́ kékeré lè tẹ 300 péré. Bó bá tán, ó di Discogs, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń ta àwo àlòkù, owó á sì gorí. Níbẹ̀, wọ́n máa ń fi àmì sọ bí àwo ṣe dára tó: VG+ (Very Good Plus) sókè ni kẹ́ ẹ rà. VG lásán máa ń pariwo lábẹ́ abẹ́rẹ́. Owó ìfiránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè ju owó àwo lọ, kí owó orí tó tún gùn ún, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ yà sí Phonica, ilé ìtàwo kan ní Poland Street ní London.

Tó bá jẹ́ fáìlì, nínú irú mẹ́ta tí kì í dín ohùn kù, AIFF, WAV àti FLAC, AIFF ni kẹ́ ẹ gbà. WAV sábà máa ń sọ orúkọ orin nù, CDJ, ẹ̀rọ tí DJ fi ń gbé orin sáfẹ́fẹ́, tó bá ṣáájú èyí tí wọ́n ń pè ní NXS2 tó jáde ní 2016, kò sì lè ka FLAC, bẹ́ẹ̀ àwọn CDJ àtijọ́ yẹn ṣì kún ilé ijó.