Bí tábúlẹ́ẹ̀tì kò bá rí fáìlì inú kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi ilé

Nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ láti ṣí fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré lọ yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà, wọ́n a pa ráutà, wọ́n a tún un tàn, wọ́n a sì máa tẹ gbogbo ohun tó bá wà níwájú wọn títí wọn kò fi ní rántí èyí tí wọ́n ti yí padà mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ka ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì náà kọ. Bí ó bá ní òun kò rí kọ̀ǹpútà, tàbí tí ó kàn ń yí lójú kan títí ó fi sú u, ọ̀nà ni kò já. Bí ó bá béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tí kò sì gba èyí tí ẹ fún un, ọ̀nà já, àkáǹtì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ó bá wọlé tán tó wá ní ẹ kò ní àṣẹ láti ṣí fódà, ẹ fi ráutà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, inú ètò fódà náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀nà tí kò já ló máa ń gba àkókò jù, nítorí náà ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń fi ọwọ́ kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ IPv4 Address sí. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀, bíi 192.168.1.23; ìyẹn ni àdírẹ́ẹ̀sì IP, nọ́ńbà tí a fi ń mọ kọ̀ǹpútà náà lórí Wi-Fi ilé. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tó ń lò, kí ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì IP tirẹ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu: 192.168.1.23 àti 192.168.1.40 jọ wà nínú agboolé kan náà, ṣùgbọ́n 192.168.0.14 ti wà ní agboolé mìíràn. Ohun tó sábà máa ń fa èyí ni ráutà kejì tí a so mọ́ ti àkọ́kọ́ kí Wi-Fi lè dé yàrá tó jìnnà, tí òun náà sì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wọ inú ètò ráutà kejì yẹn, kí ẹ sọ ọ́ di access point, èyí tó kàn ń gbé Wi-Fi ti àkọ́kọ́ síwájú, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń pín nọ́ńbà.

Èmi fúnra mi ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ṣòfò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, láìmọ̀ pé Wi-Fi àlejò, èyí tí ráutà ń pè ní Guest, ni tábúlẹ́ẹ̀tì mi wà. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fura. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá Wi-Fi àlejò sílẹ̀ gan-an ni pé kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ má lè dé orí àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Àwọn ráutà kan sì tún ní ètò tí wọ́n ń pè ní AP isolation, tó ń dí ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ láti bá èkejì sọ̀rọ̀ bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ bára mu; ẹ pa á. Bí VPN, ìyẹn áàpù tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì gba ibòmíràn, bá wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ pa òun náà ná, kí ẹ sì rí i pé kọ̀ǹpútà kò sùn, nítorí kọ̀ǹpútà tó bá ń sùn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe dúró kí orúkọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yọ jáde. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ fi pè é. Lórí iPad, ẹ ṣí áàpù Files, ẹ tẹ àmì tó ní ẹ̀kán mẹ́ta, ẹ yan Connect to Server, kí ẹ sì kọ smb://192.168.1.23 (nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tiyín ni kí ẹ fi síbẹ̀). Láti iPadOS 13 ti ọdún 2019 ni èyí ti wà. Lórí Android, ẹ lè nílò áàpù fáìlì mìíràn tó mọ SMB lò, ìyẹn èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń pín fáìlì fún ara wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí nọ́ńbà bá gbà, tí orúkọ kò sì gbà, ẹ ní kí ráutà fi nọ́ńbà yẹn pamọ́ fún kọ̀ǹpútà náà, kó má baà yí padà lọ́la.

Bí nọ́ńbà pàápàá kò bá gbà, ẹ wo ojú tí Windows fi ń wo Wi-Fi ilé yín. Bí ó bá kà á sí Public network, á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹ̀rọ yòókù. Ẹ sọ ọ́ di Private network, kí ẹ sì tan Network discovery àti File and printer sharing. Lórí Mac, File Sharing tó wà lábẹ́ Sharing nínú System Settings ni ẹ ó tàn.

Ní ti àkáǹtì, PIN tí ẹ fi ń ṣí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tábúlẹ́ẹ̀tì kò sì lè fi í wọlé. Àkáǹtì tí kò ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rárá kò ní wúlò pẹ̀lú, nítorí Windows kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ẹ dá àkáǹtì kékeré kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tirẹ̀, kí ẹ sì ṣí fódà kan ṣoṣo fún un. Lórí Linux, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti Samba, ètò tí Linux fi ń pín fáìlì nípasẹ̀ SMB, dá dúró lọ́tọ̀. Àṣẹ smbpasswd -a ni ẹ ó fi ṣe é.

Bí ẹ bá wọlé ṣùgbọ́n tí fódà kò ṣí, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tún, ẹ yan Properties, kí ẹ wo abẹ́ Sharing àti abẹ́ Security. Ibi méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fún àkáǹtì náà ní àyè. Èyí tó bá le jù nínú wọn ni Windows máa ń tẹ̀lé. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi lè ka fáìlì tán ṣùgbọ́n tí kò lè fi òmíràn síbẹ̀.

Àwọn áàpù àtijọ́ kan á ní kí ẹ tan SMB1, ẹ̀dà àkọ́kọ́ SMB, padà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1709 ti ọdún 2017 ni a kò ti fi í sí orí kọ̀ǹpútà tuntun mọ́, ihò inú rẹ̀ sì ni WannaCry, ètò burúkú tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, gbà tàn káàkiri ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Áàpù ni kí ẹ pààrọ̀.

Kí ẹ tó gbé fáìlì ńlá, ẹ fi fáìlì kékeré kan dán an wò, ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí kékeré bá lọ tí fídíò ńlá kò lọ, ẹ wò ó bóyá orí dísìkì ìta tí wọ́n ṣe ní FAT32, ìlànà àtijọ́ kan fún títo fáìlì sórí dísìkì, ni fódà náà wà, torí FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB.