Bí A Ṣe Ń Yẹ Ilẹ̀ Ọgbà Wò fún Ásíìdì Kí A Tó Gbin Ẹ̀fọ́

Inú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé Ìbàdàn, ló dára jù láti yẹ ilẹ̀ ọgbà wò, kí ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ rẹ̀ ti kan jù, ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ó sì ráyè tún un ṣe. pH ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. 7 ló wà láàárín, ilẹ̀ tí tirẹ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ 7 ní ásíìdì nínú. Kí a má fojú kéré ìyàtọ̀ oókan, nítorí pé ilẹ̀ tó wà ní 5 fi ìlọ́po mẹ́wàá kan ju èyí tó wà ní 6 lọ. Tòmátò, ata, ilá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ a máa ṣe dáadáa láàárín 6 sí 7, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ lè fara da ilẹ̀ tó kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti kan jù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ewéko tó wà nínú ajílẹ̀, á há mọ́ inú rẹ̀, álúmíníọ́mù inú ilẹ̀ á yọ́ jáde, á sì máa ba gbòǹgbò jẹ́, débi pé èèyàn lè máa náwó sórí ajílẹ̀ kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ má sì kúrò lójú kan.

Ọ̀nà tí a gbà bu ilẹ̀ ló ń sọ bóyá èsì yóò ṣeé gbára lé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ilẹ̀ àyíká ilé kì í rí bákan náà káàkiri. Ibi tí àwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ibi tí a ń dáná igi sí, àti ààtàn tí a ń da eérú sí, gbogbo wọn ni pH wọn máa ń ga ju ti ìyókù ọgbà lọ, nítorí náà ẹ má ṣe bu ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ la ọgbà já, kí ẹ sì mú ojúkò 10 sí 15. Ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò lójú ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wá ti ṣọ́bìrì bọ ẹ̀gbẹ́ ihò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gé ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan jáde tí òkè rẹ̀ nípọn tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí òkè bá nípọn ju ìsàlẹ̀ lọ, ojú ilẹ̀ nìkan ni èsì yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó mọ́, tí a kò fi gbé ajílẹ̀ rí; ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Bí apá kan ọgbà bá jẹ́ àkùrọ̀, ẹ bu tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé lè ra bébà pH lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò yàrá àyẹ̀wò. Ẹ bu ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ti fi asẹ́ sẹ́ sínú ife, ẹ fi omi tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà sí i, ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá tòrò, ẹ ti bébà bọ omi òkè, kí ẹ sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí rẹ̀ lójú ọ̀sán. Omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀ kí ó tún di omi (distilled water), ló yẹ kí ẹ lò, nítorí pé omi kànga àti ti bọ́hòlù ní ohun tó yọ́ sínú wọn tó lè yí èsì padà. Fínígà (vinegar) tí àwọn kan ń dà sórí ilẹ̀ kò lè sọ pH fún yín. Bí ó bá hó, ohun tó fi hàn kò ju pé ohun bí ẹfun òkúta tàbí eérú wà nínú ilẹ̀ náà.

Yàrá àyẹ̀wò ni mo fọkàn tán jù. A ní ànfààní yìí ní Ìbàdàn, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ bíi IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, IAR&T ní Moor Plantation àti NIHORT wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ di nǹkan bí ìlàjì kílò sínú ọ̀rá tuntun, kí ẹ kọ ọjọ́, bí ihò ṣe jìn tó àti ohun tí ẹ fẹ́ gbìn sí i lára. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìwọ̀n láìmù (ẹfun òkúta lílọ̀ tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) tí ilẹ̀ náà nílò, nítorí pé ilẹ̀ amọ̀ àti ilẹ̀ oníyanrìn lè ní pH kan náà, síbẹ̀ kí amọ̀ gba láìmù tó pọ̀ jù.

Bí èsì bá wà láàárín 6 sí 7, ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 5.5, ẹ ro láìmù pọ̀ mọ́ ilẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́. Ó ń gba oṣù díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ tán, nítorí náà ohun tí a bá gbìn ní àrọ̀kúrò ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Eérú igi náà ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tàbí yúríà lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé náítírójìn inú wọn á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí pH bá ju 7.5 lọ, ẹ dá eérú dúró, kí ẹ sì máa fi ewé tó ti jẹrà sí i. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tún bu ilẹ̀ ní oṣù kan náà, kí jíjìn ihò má yàtọ̀, kí ẹ lè fi èsì méjèèjì wéra.