Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà láti Kubwa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Melbourne ló kó mi sí i. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún 17, ń gbá bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, ó sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ìwọ tó ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré ìdárayá ní Kubwa, o ò lè wo ti ọmọ tìẹ?” Mo wo fídíò àkọ́kọ́, mo ní rọ́gíbì ni. Rárá o.

Oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, Melbourne fi wákàtí 9 ṣáájú Abuja. Bọ́ọ̀lù aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán wọn, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni tiwa. Kì í sábà sí iná nílé mi nígbà yẹn, nítorí náà ọ̀dọ̀ mai shayi òpópónà wa ni mo ń lọ. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, ó ti dáná. Mo á ra búrẹ́dì àti ẹyin díńdín, mo á fi fóònù ti agolo mílíìkì. Lọ́jọ́ kan ó yọjú wò ó: “Malam, wane irin ƙwallo ne wannan?” Ìyẹn ni pé, irú bọ́ọ̀lù wo nìyí?

Ohun tí mo sọ fún un tó yín náà láti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó sórí pápá tó rí bí ẹyin. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá gbá a gba àárín méjì gíga kọjá, máàkì 6, bó bá gba ẹ̀gbẹ́, ẹyọ kan. Wọn kì í ju bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbá a fún ara wọn. Ẹni tó bá gbé e sáré kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 15 láìtà á mọ́lẹ̀. Kò sí offside. Mai shayi ní ìyẹn nìkan ti tó kóun fẹ́ràn rẹ̀.

Ó wá ku ọmọ yín. Ẹ má ka góòlù! Mo ti ṣe àṣìṣe yẹn rí: mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ náà, mo ní kí ló dé tí kò gbá góòlù kankan wọlé. Ẹ̀yìn ló ń ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Láti ìgbà náà, ìwé ni mo ń mú dání, ẹ̀yìn rẹ́jísítà àtijọ́. Mo ń fa ìlà kan nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn án, ìlà mìíràn bó bá di ẹlòmíì mú, mo sì ń fi àmì sí i bóyá ara ilé ló fún tàbí ọ̀tá. Èyí tó ṣòro jù ni ká wo ibi tó dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù jìnnà, nítorí kámẹ́rà kì í fi hàn. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ máa fi fóònù tirẹ̀ ká a láti etí pápá.

Bí wọn ò bá mú un sínú ẹgbẹ́ àgbà, ẹ má tíì ké. Majak Daw, tí wọ́n bí ní Khartoum, ẹgbẹ́ North Melbourne mú un ní 2009, àmọ́ 2013 ló tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gbá lọ́jọ́ náà, góòlù ni. Aliir Aliir, tí wọ́n bí ní Kakuma ní Kẹ́ńyà, ẹgbẹ́ Sydney mú un ní 2013, ó di 2016 kó tó wọlé. Àwọn ọmọ gíga ló sábà ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, ara wọn ni kì í tètè gbó. Lóòótọ́, Nick Daicos wọlé ní 2022, ọdún yẹn gan-an ló gba àmì ẹ̀yẹ Rising Star tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbá a ní ẹgbẹ́ Collingwood kan náà kí wọ́n tó bí i. Bàbá tiwa, awakọ̀ ni.

Ẹ tún ka oṣù ìbí rẹ̀. Oṣù kọkànlá ni draft, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ àgbà ń yan ọ̀dọ́ tuntun, ẹni tó bá sì máa pé ọdún 18 kí ọdún náà tó parí ni wọ́n ń mú. Oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni tiwa máa pé e. Mo ti sọ fún mai shayi pé tọdún yìí kọ́.