Oṣù mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń kùn

Inú ìgò ni mo rò pé iṣẹ́ wà. Mo kàwé nípa fáàfù, ìgò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò àtijọ́, títí ojú fi ń ta mí, mo ń fi fáàfù 6SN7 wé ECC88, mo ń bá ara mi jiyàn lóru. Nígbà tí mo wá jókòó ti iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ fáàfù kò gbà mí ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi bá ariwo kan jà, ariwo kékeré tó ń kùn bí agbọ́n tó há sínú ìgò.

Ańpilifáyà onífáàfù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, fún hẹ́dífóònù ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ kó dára débi pé bí orin bá dákẹ́, èèyàn ò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ wà ní títàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ojúlówó ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀, kì í ṣe nínú wáyà fàdákà. Gbohùngbohùn, ìyẹn sípíkà, tó wà ní ìkángun pálọ̀ lè bo àṣírí ẹ̀rọ. Hẹ́dífóònù ò bo nǹkan kan, orí etí ló jókòó sí.

Hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600 ni mo ní, 300 óòmù sì ni; óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Nọ́ńbà yẹn ló pinnu gbogbo ohun tó kù. Gbohùngbohùn sábà máa ń jẹ́ 8 óòmù, apá fáàfù ò ká a ní tààrà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi tírańsífọ́mà sáàárín wọn. Tírańsífọ́mà yẹn wọ́n, ó sì ṣòro wé kó dára. Ṣùgbọ́n 300 óòmù ga tó kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí orin gba inú kapásítọ̀ kan ṣoṣo (ó ń jẹ́ kí orin kọjá, kò sì jẹ́ kí fóòtì tó dúró lójú kan kọjá) bọ́ sí etí.

Ìgò méjì ni mo lò. Ìgò kọ̀ọ̀kan ní fáàfù méjì nínú, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì. 6SN7 wà níwájú láti gbé ohùn ga, 6080 wà lẹ́yìn láti ti hẹ́dífóònù. Wọn ò tilẹ̀ ṣe 6080 fún orin. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kó máa mú fóòtì dúró lójú kan nínú ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, òun ló fi lágbára, tí óòmù inú rẹ̀ sì kéré, nǹkan bí 280. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló bá mi ra tèmi. Ẹrù ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, CV2984 ni wọ́n kọ sí i lára.

Orí ìwé ni mo ti kọ́kọ́ ṣe é. Fóòtì 205 ló ń wọlé. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú fáàfù: káátóòdù ni iná ti ń jáde, pléètì ló ń gbà á, gíríìdì tó wà láàárín ló ń darí rẹ̀. Pléètì 6SN7 dúró sí 90, mo sì so ó mọ́ gíríìdì 6080 láìfi kapásítọ̀ sáàárín. Káátóòdù 6080 wá gun 115 lórí rèsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́nà) tó jẹ́ 2,200 óòmù. Ẹ pín 115 sí 2,200, mílíámpù 52 ni. Ìyẹn ni pé rèsísítọ̀ náà nìkan ń jó wáàtì 6 láìdúró, lójú ọ̀tún àti lójú òsì. Mo ra ti wáàtì 25, mo fi bóòtù dè é mọ́ páànù kó lè rí ibi da ooru rẹ̀ sí. Fáàfù fúnra rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí wáàtì 5 lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè gba 13. Mo fẹ́ràn kí ẹrù má tẹ ẹ̀rọ lọ́rùn.

Óòmù tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ̀rọ̀ síta, nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, tó nǹkan bí 120. HD 600 ò ka ìyẹn sí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ohùn kò tilẹ̀ pé tó ṣòfò. Àbúrò mi gbé tirẹ̀ wá, 32 óòmù. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohùn rẹ̀ ni kò dé etí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti tan nǹkan yìí báyìí?” Mi ò dá a lóhùn.

Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bá mi wé tírańsífọ́mà iná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: fóòtì 230 wọlé, 160 jáde fún pléètì, 6.3 jáde fún híítà, wáyà tó ń mú fáàfù gbóná, ámpù 4. Ọ̀gá tó ń wé kọ́ìlì wò mí, ó ní, “Wẹ́dà ni yín ni, àbí?” Ó wé e dáadáa ṣá. Iná NEPA ni kò dáa. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, 190 fóòtì ni mítà mi ń kà, híítà á wálẹ̀ sí 5.2, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí 6.3. Sítábiláísà di dandan.

Mo kọ́kọ́ tàn án ní alẹ́ Sátidé kan. Kí n tó gbọ́ orin rárá, nǹkan dún gbàmù sí mi létí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju hẹ́dífóònù nù. Kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń gba 115 fóòtì rẹ̀ lára etí mi. Mo fi rèsísítọ̀ 4,700 óòmù so ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, mi ò sì ń ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Lẹ́yìn náà ó kọrin. Ó sì ń kùn.

Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ inú ìpèsè iná, máíkírófáràdì 100 di 470. Ó ń kùn. Mo fi kọ́ìlì ńlá kún un. Ó ń kùn. Mo tan án lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ohùn tó ń kùn náà wá ń gòkè ń sọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Lórí ínfátà, kò kùn mọ́, ó ń ha bí ayùn.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó ti ń tún rédíò onífáàfù ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé e lọ bá wọn.

“Ohùn wo ló ń kùn?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Lọ mọ̀ ọ́n kó o tó tún tú nǹkan. Kó o sì fi ọwọ́ kan sínú àpò tó o bá ń fọwọ́ kàn án, mo ti sin ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é.”

Mo délé, mo fi fóònù wọn ohùn náà: 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ara mi rọ. Iná tó wọlé, 50 ni, ṣùgbọ́n tó bá ti gba inú dáódù mẹ́rin tó ń darí iná sí ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, 100 ló ń dà. Gbogbo kapásítọ̀ tí mo ń pààrọ̀, 100 nìkan ni wọ́n lè wò sàn. Àìsàn ẹsẹ̀ ni, mo ń fún un ní oògùn orí.

Nǹkan tó ń fọ́n 50 ká ni tírańsífọ́mà, kò sì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ sí 6SN7. Mo tú bóòtù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wọ hẹ́dífóònù, mo wá ń fi igi tì í yí díẹ̀díẹ̀. Bí ó ṣe ń yí ni ariwo ń rọlẹ̀, títí ó fi fi ẹ̀gbẹ́ wo fáàfù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Mo ya ẹ̀rọ náà sí méjì. Tírańsífọ́mà bọ́ sínú àpótí tirẹ̀, okùn gígùn kan sì so òun àti ti fáàfù pọ̀. Káfíńtà fi igi ọ̀gànwó yí wọn ká. Mo lọ́ wáyà híítà mọ́ra wọn bí okùn, mo kó gbogbo ẹ́ẹ̀tì jọ sójú kan ṣoṣo.

Mo gbé e padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Àwo àpàlà kan tó jẹ́ ti bàbá mi ni mo fi dán an wò. Wọ́n gbọ́ ọ títí orin kìíní fi parí, wọ́n gbọ́wọ́ sókè kí n má sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo fáàfù bóyá ó ṣì ń pọ́n.

Mi ò tíì sọ fún wọn pé etí òsì ṣì ń kùn díẹ̀, tó bá di aago méjì òru tí gbogbo àdúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀. Wáyà fólúùmù ló gba ẹ̀gbẹ́ híítà kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé, màá ṣí i nípò.