Ayùn miter mi tí kò gé pákó gún mọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá ayùn onífà yìí (ayùn oníná tí a fi ń gé igun pákó, tí orí rẹ̀ ṣeé fà síwá sẹ́yìn) jà. Bí mo bá gé férémù, igun rẹ̀ á yanu bí ọmọ ẹyẹ. Mo di ẹ̀bi ru abẹ rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí.

Mo yọ wáyà kúrò lára iná (ẹ má fọwọ́ kàn án láìyọ ọ́ o), mo fi square (irin onígun tí a fi ń wò bóyá nǹkan gún) ti abẹ àti irin ẹ̀yìn tí pákó ń fara tì. Ara abẹ ni mo fi tì, kì í ṣe eyín rẹ̀, torí eyín máa ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín wọn! Mo tú bóòtù irin náà díẹ̀, mo sún un títí àlàfo fi pa, mo wá ń fún àwọn bóòtù náà le ní méjì-méjì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà tún yẹ̀.

Orí ayùn tó ń há, èmi ni mo fà á: mo fi gíríìsì pa ọ̀pá tó ń gbà rìn, lẹ́búlẹ́bú igi sì dì mọ́ ọn. Mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó ń yọ̀ geere.

Bí a bá ń gé pákó fífẹ̀, ẹ fà á sọ́dọ̀ yín, ẹ tan án, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ wá tì í sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gé e bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín, ó lè gun orí pákó wá bá yín.

Mo gé pákó kan, mo dojú apá kan dé, mo tò wọ́n pọ̀ níbi tí mo ti gé wọn: kò sí àlàfo kankan.